Ohun Tí Ó So Awọ Ojú Pọ̀

 

Ọ̀rọ̀ nípa ojú ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Òkè Ọya àti ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé yín dé sọ lónìí. Àsìkò ọyẹ́ ni eruku ń fẹ́, tí ètè ń là, tí ojú sì ń yún ènìyàn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń wá sí etígbọ̀ọ́ wa léraléra. Kí ní fà á tí ojú tí èékánná ọmọ ọwọ́ tàbí ewé àgbàdo họ ní oṣù méjì sẹ́yìn, tí ó ti jinná, tí onítọ̀hún sì ti gbàgbé rẹ̀, fi ń ṣàdédé ta bí ata ní ìdájí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kàn án? Àwọn kan a ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn a ní oògùn tí dókítà fún wọn ni kò dára. Kì í ṣe èyí, kì í sì í ṣe ọ̀hún. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn ìdè tín-tìn-tín kan tí ó so awọ ojú pọ̀. Bí a bá lóye iṣẹ́ àwọn ìdè náà, a ó mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ojú ṣeré, pàápàá lẹ́yìn ìgbà tí ìrora bá ti lọ.

BÍ AWỌ OJÚ ṢE RÍ

Ohun tí a ń pè ní dúdú ojú kì í ṣe òde ojú gan-an. Awọ kan wà níwájú rẹ̀ tí ó mọ́ gaara bí dígí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Cornea ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Awọ fẹ́lẹ́ mìíràn ni ó bo funfun ojú, tí ó sì tẹ́ abẹ́ ìpéǹpéjú. Conjunctiva ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní àárín cornea, níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù, kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rárá, nítorí pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè là á já bí ó ti yẹ. Láti inú afẹ́fẹ́ òde ni ó ti ń rí púpọ̀ nínú èémí tí ó ń lò, omi ojú ni ó sì ń gbé e wá fún un.

Ara òde cornea yìí jẹ́ ìpele sẹ́ẹ̀lì 5 sí 7. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ara ohun alààyè, a kò sì lè fi ojú lásán rí i. A to àwọn ìpele náà lé ara wọn bí ìgbà tí bíríkìlà bá to búlọ́ọ̀kù, síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà. Ògiri yìí kì í gbó, nítorí pé kò dẹ́kun àtimáa tún ara rẹ̀ mọ. Láti etí ibi tí dúdú ojú àti funfun ojú ti pàdé ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń hù wá, àwọn tí ó ti gbó ní òkè a sì máa re dànù sínú omi ojú. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀tun.

Ẹ rò ó wò. Ògiri tí ó fẹ́lẹ́ tó báyìí, tí ìpéǹpéjú ń gbá lọ gbá bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù, tí eruku ń bà lé, kí ní ń mú un dúró?

ÌDÈ MẸ́TA

Oríṣi ìdè mẹ́ta ni ó ń mú un dúró, èròjà purotéènì ni a sì fi ṣe gbogbo wọn.

Ìdè èkíní wà ní ìpele òkè pátápátá. Níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ típẹ́típẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí omi pàápàá fi ń ṣòro láti gba àárín wọn kọjá. Àwọn purotéènì tí ó dí àlàfo náà ni occludin, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ṣàwárí ní 1993, àti claudin, tí àwọn kan náà rí ní 1998. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Àìmọye kòkòrò àrùn ni ó ń bọ́ sí wa lójú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ògiri kò lanu, omi ojú a gbá wọn dànù.

Ìdè kejì ni ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Cadherin ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ kan ní Japan tí ń jẹ́ Masatoshi Takeichi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ ní orúkọ náà ní 1984. Apá kan cadherin wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ó so mọ́ àwọn fọ́nrán tí ó mú inú sẹ́ẹ̀lì le. Apá kejì yọ síta, ó sì di irú ara rẹ̀ mú lára sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ènìyàn méjì tí ó fi ìka kọ́ ìka. Ọwọ́ yìí kò lè di ohunkóhun mú bí kò bá sí kálísíọ̀mù, èròjà kan náà tí ó mú eegun wa le. Kálísíọ̀mù ni ó ń mú kí ó dúró gbọn-in. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọwọ́ náà a rọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì a sì tú ká.

Ìdè kẹta wà ní ìsàlẹ̀, òun ni ó sì dáhùn ìbéèrè wa. Ìpele sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá jókòó lé orí ohun fẹ́lẹ́ kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ohun tí ó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ẹní yìí ni purotéènì tí a ń pè ní integrin. Ó dà bí èèkàn tí a fi ń so ẹran mọ́lẹ̀: orí rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ẹní náà, níbi tí ó ti di purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ laminin mú. Láti abẹ́ ẹní náà ni àwọn fọ́nrán mìíràn ti wọ inú cornea lọ, kí ẹní pàápàá má bàa ká kúrò nílẹ̀. Ní 1986 ni integrin gba orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ni Richard Hynes, tí a bí ní Nairobi ní ilẹ̀ Kenya ní 1944. Ní 2022, òun àti Erkki Ruoslahti àti Timothy Springer jọ gba ẹ̀bùn Lasker, tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ńlá láàárín àwọn onímọ̀ ìṣègùn, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí èèkàn yìí.

BÍ OJÚ BÁ HỌ

Nígbà tí èékánná, ewé tàbí etí ìwé bá họ ojú, ó máa ń ká apá kan nínú ògiri náà kúrò. Ìrora rẹ̀ a le púpọ̀, nítorí pé cornea wà lára àwọn ibi tí iṣan ìmọ̀lára pọ̀ sí jù lọ nínú ara ènìyàn, ìhòhò iṣan wọ̀nyí ni atẹ́gùn sì wá ń fẹ́ sí. Omi a máa dà, ìmọ́lẹ̀ a máa ta lójú.

Kò pẹ́ rárá tí àtúnṣe fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní etí egbò a kọ́kọ́ tú èèkàn tiwọn náà, wọn a tẹ́ ara wọn pẹrẹsẹ, wọn a sì rọra wọ́ lọ sí àárín títí wọn yóò fi bo ojú egbò náà. Bí egbò kò bá tóbi, ọjọ́ kan sí mẹ́ta tó láti bò ó. Iṣan ìmọ̀lára ti rí ohun bora, ìrora lọ, olójú sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò tí ì parí. A ti fi ìrépé aṣọ bo ojú ihò ni, a kò tí ì rán an. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun ní láti kan èèkàn tuntun mọ́lẹ̀, iṣẹ́ yìí kì í sì í yá. Ní 1968, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe lára ehoro. Wọ́n rí i pé bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó ká kúrò, tí ẹní ìsàlẹ̀ kò bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹní náà bá bá a lọ, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ó tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Èékánná àti ewé sì wà lára ohun tí ó máa ń fa ẹní yìí ya.

Ìdájí nìyí. Bí a bá ń sùn, omi ojú a dínkù, ìpéǹpéjú a sì fara ti cornea láti alẹ́ mọ́jú. Bí a bá la ojú lójijì, ìpéǹpéjú a fa sẹ́ẹ̀lì tí èèkàn rẹ̀ kò tí ì wọlẹ̀, a sì ká a kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Egbò ti padà dé. Ó lè rí báyìí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Kò sí ọwọ́ ayé nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà, sùúrù ni ó sì ń fẹ́. Dókítà ojú lè fún ènìyàn ní oògùn tí ó dà bí òróró láti fi sí ojú lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ìpéǹpéjú má bàa lẹ̀ mọ́ cornea. Ó lè fi lẹ́ńsì rírọ̀ bo ojú náà, bí ìgbà tí a bá fi báńdéèjì di egbò. Bí ó bá ń padà wá síbẹ̀, àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí ó lè gbà mú kí sẹ́ẹ̀lì fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìṣòro yìí, kí ó má ṣe la ojú pàrá bí ó bá jí. Kí ó rọra yí ẹyinjú lábẹ́ ìpéǹpéjú ná, kí omi lè dé ibẹ̀. Oògùn tí dókítà sì ní kí a lò fún oṣù mẹ́ta, kí a má ṣe jù ú nù ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ìrora ti lọ.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI SÍ OJÚ

Ní àkókò tí ògiri lanu yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ohun tí kò yẹ sí ojú. Ẹlòmíràn a fún omi ewé sí i, ẹlòmíràn a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn a fi wàrà ọmú, àní a rí àwọn tí ń fi ìtọ̀ sí i. Ẹ gbọ́ ìdí tí ó fi léwu. Omi ewé ń gbé kòkòrò àrùn gba ẹnu ihò náà wọlé, títí kan irú àwọn ohun tí ó máa ń mú kí búrẹ́dì bu, bí wọ́n bá sì fìdí kalẹ̀ sínú cornea, oògùn tí yóò lé wọn jáde kì í tètè rí i ṣe. Omi ọsàn ń jó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń wọ́ bọ̀ wá dí egbò. Ní ti ìtọ̀, kòkòrò tí ó ń fa àtọ̀sí lè wà nínú rẹ̀, kòkòrò yìí sì wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó lè la ògiri ojú kọjá bí kò tilẹ̀ lanu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè lu cornea jálu.

Oògùn kẹ́mísì pàápàá ní tirẹ̀. Àwọn oògùn ìkán-sójú kan wà tí ó ní sìtẹ́rọ́ìdì nínú. Ojú tí ó pọ́n a funfun kíá bí a bá kán an sí i, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n sìtẹ́rọ́ìdì ń dá iṣẹ́ àtúnṣe dúró, ó sì ń tú àwọn ọmọ ogun ara ká, kòkòrò a wá ráyè jẹun lábẹ́ ojú tí ó funfun. Bí dókítà bá yẹ ojú wò tí ó sì kọ ọ́ fúnni, ó dára. Kí aládùúgbò bùn wá nínú tirẹ̀ ni kò dára.

ÀPÓLÒ ÀTI ỌYẸ́

Èròjà ìdè mìíràn tún wà lára awọ ojú, tí a ń pè ní ICAM-1. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara. Bí awọ ojú bá wà nínú ìnira, ó máa ń na ICAM-1 púpọ̀ síta, àwọn ọmọ ogun náà a sì dì í mú, wọn a dúró síbẹ̀ jà. Èyí dára nígbà tí ọ̀tá wà. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, omi ojú máa ń gbẹ, èyí tí ó ṣẹ́ kù a sì ní iyọ̀ jù. Lójú ẹni tí omi ojú rẹ̀ kì í tó tẹ́lẹ̀, ìnira yìí a mú kí awọ ojú pe ọmọ ogun sí ibi tí kò sí ogun, wọn a sì máa jà sí onílé. Ojú a pọ́n, a máa ha bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ní 2016, ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn kan, lifitegrast, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kan ICAM-1.

Àrùn tí a ń pè ní Àpólò náà kò ṣàìmọ ICAM-1. Ní 1969 ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ọdún kan náà tí ọkọ̀ òfuurufú Apollo 11 gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, àwọn ènìyàn sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, orúkọ náà bá mọ́ ọn. Kòkòrò afàìsàn tí ń fà á ju ọ̀kan lọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn, coxsackievirus A24, ICAM-1 gan-an ni ó ń dì mú kí ó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ tí ojú nà láti pe olùrànlọ́wọ́ ni olè dì mú wọlé. Kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò Àpólò, ara fúnra rẹ̀ ni yóò ṣẹ́gun rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọwọ́ àti aṣọ ni ó ń gbé e kiri. Ẹni tí ó bá ń ṣe, kí ó ya aṣọ ìnujú tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó má yá ẹnikẹ́ni ní ọ̀pá tìróò, kí ó máa fi ọṣẹ wẹ ọwọ́. Bí ó bá sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tẹrí ba fún àwọn ará nígbà ìkíni àlàáfíà, kí ó má bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò bínú.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọdé. Awọ ojú ń lo fítámì A láti fi ṣe ohun yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìpéǹpéjú ha cornea. Bí fítámì A bá tán lára ọmọ, awọ náà a gbẹ, a yi bí awọ àtẹ́lẹsẹ̀, cornea a sì lè rà dànù. Ọmọ tí kò ríran ní ìrọ̀lẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi àmì hàn nìyẹn. Ìgbóná tí a ń pè ní ìta, tàbí measles, máa ń jẹ fítámì A tán kíá; ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a fún ọmọ tí ó ń ṣe é ní fítámì A lọ́jọ́ méjì tẹ̀léra, ní ilé ìwòsàn. Nínú oúnjẹ, ó wà nínú epo pupa, ẹ̀dọ̀, ẹyin, ìbẹ́pẹ pípọ́n, máńgòrò, kárọ́ọ̀tì àti ewé zogale tí ó kún ọjà yín níbẹ̀.

Ní àkótán, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn. Bí eruku bá kó sí ojú, omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ rin ín. Ẹni tí ń gun ọ̀kadà, ẹni tí ń jó irin àti ẹni tí ń pa ọkà, kí ó wọ awò ojú. Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ gé èékánná ọmọ ọwọ́. Ẹni tí ojú bá ń ro gidigidi, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tí ìríran rẹ̀ ṣú, tàbí tí ó rí àmì funfun lára dúdú ojú, kí ó dé ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má dúró de ọjà ọ̀la. Àpá tí ó bá ti kù sí cornea kì í mọ́ gaara mọ́.